Benz E55 tí agbára rẹ̀ ń lọ lọ́sàn-án: àkọsílẹ̀ ìṣẹ̀lẹ̀ kan láti ṣọ́ọ̀bù wa ní Àkúrẹ́

Mercedes-Benz E55 AMG ti ọdún 2004 ni mọ́tò náà. W211 ni àwa mẹkáníìkì mọ̀ ọ́n sí. Tòkunbọ̀ ni. Oníṣòwò kòkó kan, ọmọ Ìdànrè tó ń gbé ní Ìjàpọ̀ níbí ní Àkúrẹ́, ló ni ín. Ẹjọ́ tí wọ́n gbé wá bá wa kò gùn. Láàárọ̀, bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́, ṣe ló máa ń fò. Tó bá di ọ̀sán, pàápàá tí wọ́n bá ti ń gun àwọn òkè tó wà lọ́nà Ìdànrè, agbára rẹ̀ á ṣàdédé lọ, á wá máa wọ́ bíi tírélà tó ru gẹdú. Iná ẹ̀ńjìnnì kì í tàn. Bó bá sì sùn mọ́jú, ara rẹ̀ á tún yá gágá, wọn á ní ó ti sàn.

Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń gbé e káàkiri. Kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, àwọn mẹkáníìkì mìíràn ti pààrọ̀ pọ́ńpù epo, wọ́n ti ra séńsọ̀ tó ń wọn afẹ́fẹ́, wọ́n sì ti pààrọ̀ plọ́ọ̀gì. Níbi plọ́ọ̀gì yẹn ni mo ti mọ̀ pé kò sí ẹni tó ṣí ìwé mọ́tò náà wò. Sílíńdà mẹ́jọ ni ẹ̀ńjìnnì rẹ̀ ní lóòótọ́, ṣùgbọ́n plọ́ọ̀gì méjì-méjì ló wà lórí sílíńdà kọ̀ọ̀kan, mẹ́rìndínlógún lápapọ̀. Mẹ́jọ ni wọ́n rà. Tuntun kan, ògbólógbòó kan, ni wọ́n fi sórí sílíńdà kọ̀ọ̀kan, wọ́n dé e padà, wọ́n gba owó iṣẹ́. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ kò yanjú, ìdájọ́ tí wọ́n dá ni pé ẹ̀ńjìnnì ti rẹ̀, kí Bàbá tó ni mọ́tò náà lọ wá òmíràn ní ọjà páàtì Ládipọ̀, l'Ékòó.

"Ẹ̀ńjínnía, má fi sábẹ́ ahọ́n sọ fún mi o," Bàbá wí bí wọ́n ṣe sọ̀ kalẹ̀. "Ṣé ẹ̀ńjìnnì ni ká lọ rà, àbí kí n tà á bó ṣe wà yìí?"

"Bàbá, a ò tíì wọn nǹkan kan. Ẹ jẹ́ ká wọ̀n ọ́n ná."

Mo ń kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́kùn-únrẹ́rẹ́ torí pé irú mọ́tò yìí ti ń wọlé sí Àkúrẹ́. Owó tí wọ́n ń ta E55 tòkunbọ̀ kò jìnnà mọ́ sí ti Camry tó dára, ọ̀rọ̀ kan náà sì ni ẹni tó bá fẹ́ rà á ń gbọ́ lẹ́nu gbogbo ayé: "Wàhálà ni, má dán an wò." Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Mo ti rí wọn tó ń lọ, tó ń bọ̀, láìdá ẹnikẹ́ni dúró sójú ọ̀nà. Ohun tó ń pa wọ́n lọ́dọ̀ wa ni àfojúbù: kí a máa pààrọ̀ páàtì kí a tó mọ ohun tó bàjẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, kí ìyókù lè yé yín. Ẹ̀ńjìnnì lítà 5.4 ni, súpáchájà sì jókòó sáàárín rẹ̀. Agbára ẹṣin 476 ló ń mú jáde, ìfà rẹ̀ jẹ́ 700 Nm, ó sì ń kúrò lórí ìdúró dé eré kìlómítà 100 láàárín wákàtí kan kí ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún tó pé. Ní Affalterbach, ní Jámánì, ẹnì kan ṣoṣo ló ń to ẹ̀ńjìnnì bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, wọ́n á sì fi àwo irin pélébé tí orúkọ ẹni náà wà lára rẹ̀ sórí ẹ̀ńjìnnì. Ti Bàbá ṣì wà níbẹ̀, ìdọ̀tí ló bò ó. Ọmọ iṣẹ́ mi fi àkísà nù ún títí ọwọ́ ìkọ̀wé ẹni náà fi hàn kedere. Inú mi máa ń dùn tí mo bá rí irú rẹ̀, torí ẹni tó fi orúkọ ara rẹ̀ sí iṣẹ́ kì í fi iṣẹ́ ṣeré.

Súpáchájà yìí ló ń fún afẹ́fẹ́ mọ́ra wọ inú ẹ̀ńjìnnì. Afẹ́fẹ́ tí a bá fún mọ́ra sì máa ń gbóná. Bó bá wọ inú sílíńdà pẹ̀lú ooru yẹn, epo á gbiná kí àkókò rẹ̀ tó tó, ẹ̀ńjìnnì á sì máa kàn gbà-gbà-gbà títí písítìnì á fi bàjẹ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ṣe intercooler sí i. Omi ló ń gba inú intercooler kọjá, ó ń gbé ooru inú afẹ́fẹ́ lọ sí rédíétọ̀ kékeré kan níwájú. Ohun tó ń ti omi náà kiri ni pọ́ńpù iná kan tí kò ju ìkúùkù lọ, tó fara pamọ́ sẹ́yìn báḿpà iwájú.

Bí pọ́ńpù kékeré yẹn bá kú, ẹ̀ńjìnnì kò ní kú. Á stáàtì, á rọra máa dún, ooru ẹ̀ńjìnnì fúnra rẹ̀ kò ní yí padà lójú gééjì. Afẹ́fẹ́ inú súpáchájà nìkan ni á máa gbóná sí i, nígbà tó bá sì gbóná jù, kọ̀ǹpútà mọ́tò á bẹ̀rẹ̀ sí í gba agbára lọ́wọ́ awakọ̀ kó má baà ba ẹ̀ńjìnnì jẹ́. Láàárọ̀ tí ojú ọjọ́ tutù, ẹ kò ní mọ̀. Ọ̀sán Àkúrẹ́ nínú oṣù Kejì, lórí òkè Ìdànrè, lẹ́yìn tí ẹ ti dúró nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ní Ọba Adésidà? Ẹ ó mọ̀ dáadáa. Ẹ fi ti epo wa kún un. Okteeni ni ìwọ̀n bí epo ṣe ń fara da ooru kó tó gbiná fúnra rẹ̀; okteeni 98 ni wọ́n ṣe ẹ̀ńjìnnì yìí fún, tiwa kò ga tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà àyè tí ooru fi lè pọ̀ kí ó tó di ewu kéré sí ti ilẹ̀ Jámánì.

Ìyẹn ni mo fura sí. Ṣùgbọ́n ìfura kò ju ìfura lọ, àwọn tó ra pọ́ńpù epo náà fura.

A so skánà, ẹ̀rọ tó ń ka ohun tí kọ̀ǹpútà mọ́tò ń rí, mọ́ ọn, a sì gba ọ̀nà Ìdànrè lọ lọ́sàn-án gangan, lákòókò tí Bàbá sọ pé ó máa ń ṣe é. Bàbá ló wakọ̀, torí mo fẹ́ kó wà á bó ṣe máa ń wà á. Èmi gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká lé itan, mo ń wo ìlà kan ṣoṣo: ìgbóná afẹ́fẹ́ tó ń wọ ẹ̀ńjìnnì. Nígbà tí a kúrò nílé, kò ju ti ojú ọjọ́ lọ púpọ̀. Nígbà tí a já kúrò nínú ìlú, ó ti wọ 60 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Bàbá tẹ̀ ẹ́ gun òkè àkọ́kọ́, ó kọjá 70. Lórí èkejì, ó kọjá 80, kò sì rọlẹ̀ mọ́. Ojú ẹsẹ̀ náà ni agbára lọ. "Ó ti ṣe é!" ni Bàbá pariwo, bí ẹni tó ti ń wá ẹlẹ́rìí tipẹ́.

A padà sí ṣọ́ọ̀bù, a tú báḿpà. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà nìyí, ẹ dákun, ẹ kà á dáadáa. Pọ́ńpù tí kò ṣiṣẹ́ kì í ṣe pọ́ńpù tó bàjẹ́ dandan. Ó lè jẹ́ fiúsì, ó lè jẹ́ rílèè, ó lè jẹ́ wáyà tí eku ti jẹ. A fi skánà pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà mọ́tò kó tan pọ́ńpù, a sì fi mítà sẹ́nu wáyà: iná dé ibẹ̀ pé pérépéré. A wá yọ pọ́ńpù náà, a fa iná sí i tààrà láti orí bátìrì. Kò mira. Ìgbà yẹn la tó dá a lẹ́bi. Nígbà tí ọmọ iṣẹ́ mi la orí rẹ̀, ìpẹtà pọ́n bí osùn nínú rẹ̀, abẹ̀bẹ̀ kékeré tó yẹ kó máa yí sì ti lẹ̀ mọ́ ògiri.

Omi lásán ni wọ́n ti ń dà sínú rẹ̀. Omi kànga, Bàbá fúnra wọn sọ bẹ́ẹ̀, torí awakọ̀ wọn máa ń bomi sí i bó ṣe ń bomi sí Hilux tí wọ́n ń gbé lọ sí oko. Ẹ̀ńjìnnì alumíníọ́mù ni èyí, ihò inú intercooler rẹ̀ sì tín-ín-rín. Kúláńtì tí Mercedes fọwọ́ sí, ìdajì kúláńtì, ìdajì omi tí a sè gbà (distilled water), ló yẹ kó wà nínú rẹ̀ láti ọjọ́ kìn-ín-ní. A fọ gbogbo ọ̀nà omi náà ní àfọ̀túnfọ̀ títí ohun tó ń jáde fi mọ́ gaara. A fi pọ́ńpù Bosch tuntun sí i, a sì fara balẹ̀ yọ afẹ́fẹ́ inú hóòsì, torí bí afẹ́fẹ́ bá há sínú rẹ̀, pọ́ńpù tuntun á kàn máa yí lásán ni. A kó plọ́ọ̀gì mẹ́rìndínlógún tuntun sí i.

Òkè kan náà, ọ̀sán gangan bákan náà: kò dé 60. Bàbá gun ún lẹ́ẹ̀kan, ó yí padà, ó tún un gùn. Owó pọ́ńpù náà kò tó ìdá mẹ́wàá owó ẹ̀ńjìnnì tí wọ́n ní kó lọ rà.

Ó wá ní kí a yẹ gbogbo ara mọ́tò náà wò, kó lè mọ ohun tó ń bẹ níwájú. Ìyẹn ló yẹ kó ti ṣe kó tó san owó mọ́tò, ṣùgbọ́n kò pẹ́ jù.

Bíréèkì rẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó ń ro ríra W211 mọ̀ nípa rẹ̀ ju ohunkóhun lọ. SBC (Sensotronic Brake Control) ni wọ́n ń pè é. Bí ẹsẹ̀ yín bá tẹ bíréèkì, iná ló ń gbé iṣẹ́ náà lọ fún kọ̀ǹpútà. Pọ́ńpù kan ló ń tọ́jú omi bíréèkì sínú agbára ńlá, òun ló sì ń tì í lọ sí ẹsẹ̀ táyà kọ̀ọ̀kan. Ohùn "ùùn" kúkúrú tí ẹ máa ń gbọ́ bí ẹ bá ṣílẹ̀kùn, òun ni. Ó dára gan-an nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́. Bó bá kọṣẹ́, bíréèkì á kù sí táyà iwájú nìkan, pẹ́dà á lọ sísàlẹ̀, ẹ ó sì fi gbogbo agbára itan tẹ̀ ẹ́. Nínú oṣù Karùn-ún ọdún 2004, Mercedes pe mọ́tò bíi 680,000 padà nítorí rẹ̀. Nígbà tó di 2006, wọ́n ti yọ ọ́ kúrò lára E-Class, ìyẹn ìdílé mọ́tò tí E55 wà nínú rẹ̀. Nítorí náà, W211 tí wọ́n ṣe lẹ́yìn ìyẹn kò ní in.

Pọ́ńpù SBC ń ka iye ìgbà tí ẹ tẹ bíréèkì. Bí iye náà bá pé, á kọ ìkìlọ̀ síwájú yín. Ti Bàbá ti súnmọ́ òpin rẹ̀ nígbà tí a kà á, ó sì ń pẹ́ kó tó kó agbára jọ. Àwọn kan wà tí wọ́n á bá yín dá ìkà yẹn padà sí òdo lówó pọ́ọ́kú. Èmi kò ní ṣe é fún pọ́ńpù tó ti rẹ̀, kódà bí ẹni náà bá jẹ́ ọmọ ìyá mi. Mọ́tò tó ń sá 200 tí bíréèkì rẹ̀ kò dájú kò yẹ lójú ọ̀nà. Rírà á ní tòkunbọ̀ náà kò bójú mu, torí èyí tí wọ́n yọ lára mọ́tò mìíràn ti ní ìkà tirẹ̀ lórí. Bàbá gbọ́ iye owó èyí tí wọ́n tún ṣe bíi tuntun, ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó ní, "Kí mọ́tò náà wà nílé títí yóò fi dé." Hilux ló ń gbé jáde ní gbogbo àkókò yẹn. Mo bọ̀wọ̀ fún un gidigidi fún ìpinnu yìí.

Ẹ̀yin mẹkáníìkì ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ má fọwọ́ kan páàdì bíréèkì W211 tó ní SBC láìjẹ́ pé ẹ ti fi skánà dá a dúró. Bí ẹnìkan bá kàn ṣílẹ̀kùn mọ́tò nígbà tí ọwọ́ yín wà nínú kálípà, á fún písítìnì jáde, ìka á sì lọ.

Lórí gíà: gíà oníṣísẹ̀ márùn-ún ni, alágbára ni, ṣùgbọ́n wọ́n ti sọ fún Bàbá pé ọ́ìlì gíà rẹ̀ kì í ṣe èyí tí à ń pààrọ̀ títí ayé. Bí wọ́n ṣe wí níjọ́sí nìyẹn, kó tó di pé Mercedes fúnra rẹ̀ padà sọ pé kí wọ́n máa pààrọ̀ rẹ̀. Dúdú ni ti Bàbá jáde. Ohun tó tún burú ni rọ́bà kékeré tó wà lẹ́nu ibi tí wáyà ti wọ inú gíà. Bí rọ́bà náà bá gbó, ọ́ìlì á máa rìn gba inú wáyà lọ títí yóò fi dé inú kọ̀ǹpútà gíà. A yọ sọ́kẹ́ẹ̀tì kọ̀ǹpútà náà, ọ́ìlì ti tutù sẹ́nu rẹ̀. A tètè rí i. A fọ̀ ọ́, a pààrọ̀ ẹnu wáyà náà, páàtì tí owó rẹ̀ kò tó owó oúnjẹ alẹ́ fún ìdílé kan, ó sì gba kọ̀ǹpútà là.

Ẹsẹ̀ iwájú lápá òsì máa ń wó sílẹ̀ bó bá sùn mọ́jú. Airmatic ni, afẹ́fẹ́ ló gbé e dúró dípò síprìnnì. Ọ̀rẹ́ Bàbá kan ní kí a yọ gbogbo rẹ̀ dànù, kí a fi síprìnnì lásán sí i. A da omi ọṣẹ sí orí ṣọ́ọ̀kì náà, a dúró: ìfófòó kéékèèké ń hó jáde níbi kan ṣoṣo lókè rẹ̀. Ṣọ́ọ̀kì kan ló jò, mẹ́ta yòókù gbá afẹ́fẹ́ mú. Bí a bá fi í sílẹ̀, kọ̀mpírẹ́sọ̀ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i á máa ṣiṣẹ́ láìsinmi títí yóò fi jóná, èèyàn á wá ra kọ̀mpírẹ́sọ̀, òun náà á tún jóná. Ṣọ́ọ̀kì ni kí ẹ kọ́kọ́ mú, kí ẹ pààrọ̀ rílèè kọ̀mpírẹ́sọ̀ pẹ̀lú rẹ̀.

Ọ́ìlì ẹ̀ńjìnnì kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. 20W-50 ni wọ́n ń dà sí i torí pé "ó ki." Èyí tó yẹ ẹ̀ńjìnnì náà ni 0W-40 tàbí 5W-40 tí wọ́n kọ MB 229.5 sára rẹ̀ (nọ́ńbà tí Mercedes fi fọwọ́ sí i nìyẹn), lítà mẹ́jọ ó lé díẹ̀, láti ọwọ́ ẹni tí ẹ lè padà lọ bá. Táyà ẹ̀yìn jẹ́ tòkunbọ̀ tí ọjọ́ orí rẹ̀ ju ti ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ. Nọ́ńbà mẹ́rin tó wà lára táyà ló ń sọ ọ̀sẹ̀ àti ọdún tí wọ́n ṣe é, ẹ máa wò ó. A yọ wọ́n.

Lẹ́yìn gbogbo èyí, a ra ìwé kan sínú mọ́tò náà. Ohun tí a ṣe, ọjọ́ tí a ṣe é, kìlómítà tó wà lórí rẹ̀ àti nọ́ńbà páàtì ni à ń kọ sí i, ẹnikẹ́ni tó bá sì fọwọ́ kan mọ́tò náà gbọ́dọ̀ kọ tirẹ̀. Bàbá ní awakọ̀ kò gbọ́dọ̀ bomi sí ohunkóhun mọ́ láìpe ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n tún ń ya owó sọ́tọ̀ fún un lẹ́yìn gbogbo títa kòkó, kí páàtì má baà di ohun tí à ń sáré yáwó rà. Láàárọ̀, wọn kì í tẹ̀ ẹ́ mọ́ títí ọ́ìlì yóò fi gbóná. Ẹnìkan ti wá bá wọn pé òun lè fi púlì kékeré sí súpáchájà kó túbọ̀ yára. Wọ́n fi tẹlifóònù pè mí, mo ní kí wọ́n jọ̀wọ́ má dán an wò pẹ̀lú epo tí à ń rà níbí.

Bí ẹ bá bi mí bóyá kí ẹ ra irú rẹ̀, ìdáhùn mi ni pé ẹ rà á bí ẹ bá ti ka ìkà SBC rẹ̀, tí ẹ ti yọ sọ́kẹ́ẹ̀tì kọ̀ǹpútà gíà wò, tí ẹ sì ti gbé e gun òkè lọ́sàn-án pẹ̀lú skánà. Ẹni tó ń tà á tí kò gbà fún yín láti ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ fi mọ́tò rẹ̀ sílẹ̀ fún un.

SBC náà ti dé, a ti fi sí i, a ti fi skánà yọ afẹ́fẹ́ inú rẹ̀, mọ́tò sì ti padà sójú títì. Ohun tó kù ni ọ́ìlì gíà, tí a ó tún pààrọ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i láìpẹ́ nítorí ìdọ̀tí tó jáde nígbà àkọ́kọ́, àti rọ́bà abẹ́ ẹ̀ńjìnnì lápá ọ̀tún tó ti ń là. Bàbá ti san owó rọ́bà náà. A ń retí rẹ̀ láti Èkó.